Àwọn Alálùkùránì Ilẹ̀ Odò Márùn-ún

Ilẹ̀ kan wà ní apá àríwá Íńdíà àtijọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Púnjáàbù, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ odò márùn-ún, nítorí pé odò ńláńlá márùn-ún ni ó la ilẹ̀ náà kọjá kí wọ́n tó pàdé, kí wọ́n tó di ọ̀kan, kí wọ́n sì jùmọ̀ wọnú odò Indus lọ sí òkun. Níbẹ̀ ni Lahore wà, Lahore ìlú àwọn ọba Mùgáàlì, ìlú ọgbà Shalimar tí omi ń tú yàà lórí òkúta funfun, ìlú mọ́ṣáláṣí pupa tí ọba Aurangzeb kọ́ parí ní 1673, tí àgbàlá rẹ̀ ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkírun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú ìlú yìí ni ọkùnrin kan ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1902, tí ó sì ń kéde pé ìwé kan ṣoṣo tó Mùsùlùmí í mú dé ọ̀run, àti pé bí gbogbo onígbàgbọ́ bá lè padà sídìí ìwé náà, ìyapa yóò dópin láàárín wọn. Ohun tí ojú ìrètí náà rí ni mo fẹ́ ròyìn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa ọmọ Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ghulam Nabi ni orúkọ tí àwọn òbí ọkùnrin náà sọ ọ́, ọmọ abúlé Chakrala ní agbègbè Mianwali sì ni. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ẹrú Ànábì. Nígbà tí ó dàgbà tí ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ó wo orúkọ ara rẹ̀, ó sì rí i pé kò bá ohun tí òun gbà gbọ́ mu mọ́, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀dá lè ṣe ẹrú fún. Ó pa orúkọ náà tì, ó sì di Abdullah, ẹrú Ọlọ́run. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọmọ yìí wo Ìwé kí ó tó sọ ara rẹ̀ lórúkọ, ẹni tí ó bá sì ti ṣe irú èyí kò ní í ṣòro fún un láti tún ohun mìíràn wò tí àwọn baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́.

Kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn Ahl-i Hadith ni Abdullah Chakralawi í ṣe, òun sì ni ó ń ṣe lèmọ́mù ní mọ́ṣáláṣí Chinianwali ní Lahore. Àwọn Ahl-i Hadith yìí ni wọ́n kọ̀ láti so ara wọn mọ́ èyíkéyìí nínú ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn àgbà onímọ̀ òfin là sílẹ̀, ìbáà ṣe ti Hánáfì tí ó gbilẹ̀ ní Íńdíà tàbí ti Málíkì tí àwọn ààfáà wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí Mùsùlùmí yóò fi máa gbọ́ ti Málíkì tàbí ti Abú Hánífà nígbà tí ọ̀rọ̀ Ànábì fúnra rẹ̀ wà nínú Hádíìsì? Ọ̀rọ̀ wọn dùn létí ẹni tí ó bá ń wá òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ́ ènìyàn láti máa béèrè ìdí kò lè pinnu ibi tí ìbéèrè yóò dúró sí, Abdullah sì béèrè èyí tí ó kàn: bí ọ̀rọ̀ Abú Hánífà kò bá tó nítorí pé ènìyàn ni, ṣé kì í ṣe ènìyàn ni ó gbọ́ Hádíìsì lẹ́nu ènìyàn, tí ó sọ ọ́ fún ènìyàn, títí àwọn bíi Al-Bukhari, ẹni tí ó kú ní 870, fi kó o jọ sínú ìwé lẹ́yìn ohun tí ó ju 200 ọdún lọ tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti fi ayé sílẹ̀?

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ béèrè rẹ̀. Al-Shafi'i, baba ńlá nínú ìmọ̀ òfin Ìsìláàmù, ẹni tí ó kú ní 820, ti bá àwọn kan jiyàn nígbà ayé rẹ̀ tí wọ́n ní àwọn kò gba ìròyìn ẹlẹ́nu-dẹ́nu mọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó sì kọ iyàn náà sílẹ̀. Iyàn Al-Shafi'i ni ó borí, Súnnà, tí í ṣe ìṣe Ànábì, sì fìdí múlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlùkùránì bí ẹsẹ̀ kejì tí a fi ń rìn. Ohun tí ó tún jí ọ̀rọ̀ náà dìde ní Púnjáàbù ni pé ayé ti yí padà: àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà ní 1849, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, àwọn oníwàásù Kìrìsìtẹ́nì àti àwọn Híńdù alátùn-únṣe ń bá àwọn Mùsùlùmí jiyàn ní gbangba, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń fi gún wọn lára ni ìtàn kan tàbí òmíràn tí wọ́n fà yọ láti inú Hádíìsì. Ẹni tí ọ̀tá ń ta lọ́fà láti ojú fèrèsé kan á máa rò ó bóyá kí òun kúkú dí fèrèsé náà pa.

Ẹgbẹ́ tí Abdullah dá sílẹ̀ ní 1902 ni Ahl al-Zikr wal-Quran, àwọn ènìyàn sì gé e kúrú sí Ahl-i Quran, tí í ṣe àwọn Alálùkùránì. Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ gbé ka iwájú ni ìrun, kò sì lè ṣe kí ó má gbé e, nítorí pé ìbéèrè tí gbogbo aráyé fi pàdé rẹ̀ nìyẹn: bí Àlùkùránì nìkan bá tó, níbo ni ó ti sọ fún wa pé ráká méjì ni àsùbáà, tí àìlà jẹ́ mẹ́rin, tí mọ̀gàríbì jẹ́ mẹ́ta? Ó jókòó ti Ìwé náà, ó ń fi áyà túmọ̀ áyà, ó sì kọ ìwé kan jáde láti fi hàn pé ìrun márààrún, iye ráká wọn, àti ohun tí a ń sọ nínú wọn, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú Àlùkùránì fún ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń wò ó. Níbi tí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn Mùsùlùmí ń sọ lórí ìrun kò bá ti sí nínú Àlùkùránì gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ó yọ ọ́, ó sì fi gbólóhùn inú Àlùkùránì rọ́pò rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá kírun lẹ́yìn rẹ̀ yóò gbọ́ pé kábàrà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé.

Ìyẹn ni kò ṣeé gbé mì. Àwọn ènìyàn lè fara da ẹni tí ń jiyàn nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yí ohun tí etí ti mọ̀ láti kékeré padà, tí ó sì ṣe é nínú mọ́ṣáláṣí níwájú àwọn arúgbó, ó ti fọwọ́ kan ohun tí ó sún mọ́ ọkàn. Muhammad Husain ti ìlú Batala, àgbà ọ̀jẹ̀ láàárín àwọn Ahl-i Hadith àti olóòtú ìwé ìròyìn Isha'at al-Sunna, ẹni tí Abdullah ti bá jókòó nínú ìjọ kan náà, ni ó ṣíwájú ogun tì í: ó kó fátíwà jọ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, wọ́n sì pe Abdullah ní kèfèrí. Chinianwali kò lè gba àwọn méjèèjì mọ́. Iyàn wọn ru sókè tó bẹ́ẹ̀ tí Mirza Ghulam Ahmad, olùdásílẹ̀ Ahmadiyya ní ìlú Qadian, fi dá sí i nínú ìwé pélébé kan ní oṣù kọkànlá ọdún 1902. Ìdájọ́ rẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ti ṣe àṣejù, àti pé Àlùkùránì ni a ó kọ́kọ́ gbé ga, kí ìṣe Ànábì tí gbogbo ìjọ ń ṣe láti ìran dé ìran tẹ̀ lé e, kí Hádíìsì sì máa bọ̀ lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Kí òǹkàwé fi ìdájọ́ yìí sí ọkàn, nítorí pé yóò kan Èkó láìpẹ́.

Bí ìyapa bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀tá nìkan wá, kì bá tí dun àwọn Alálùkùránì. Láàárín wọn gan-an ni ilé ti là. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Gujranwala tí à ń pè ní Mistri Muhammad Ramadan, mistri sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe oníṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ náà, bí àwa náà ti ń pe mẹkáníìkì tàbí bíríkìlà ní orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọlẹ́yìn Abdullah ni, ó sì ka Ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti máa kà á, láìwo ẹnu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kà á tán, ìrun mẹ́ta ni ó rí. Súrà 11, áyà 114, ní kí a kírun ní ìpẹ̀kun méjèèjì ọjọ́ àti ní apá kan òru. Ka iye rẹ̀ bí o ti fẹ́, mẹ́ta ni. Súrà 24, áyà 58, dárúkọ ìrun àsùbáà àti ìrun ìṣàì, Súrà 2, áyà 238, sì sọ nípa ìrun àárín, níbi tí àárín bá sì wà, ìhín àti ọ̀hún gbọ́dọ̀ wà. Àwọn tí wọ́n dúró ti márùn-ún náà kò ṣàì ní ọfà nínú apó: Súrà 17, áyà 78, sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí oòrùn bá yẹ̀ títí di òkùnkùn òru, ó sì fi ti àfẹ̀mọ́júmọ́ kún un, Súrà 30, áyà 17 àti 18, dárúkọ ìrọ̀lẹ́, òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Ìwé kan náà ni tọ̀tún tòsì gbé dání, ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n fi kà á, kò sì sí ẹni tí ó lè pe èkejì ní aláìgbọràn sí Ọlọ́run láìjẹ́ pé ó gé ẹ̀ka tí òun fúnra rẹ̀ jókòó lé.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀. Àwọn alátakò wọn fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀rín, wọ́n ní ẹ ò rí i bí, ìwé kan náà ni wọ́n kà tí wọn kò fi lè ka ìrun dọ́gba. Èmi kò rí i bí ohun ẹ̀rín. Ọ̀pọ̀ ohun ni ènìyàn lè máa gbà gbọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n sì jọ máa gbé, ṣùgbọ́n ìrun kì í ṣe èrò inú nìkan. Ara ni a fi ń kí i, ẹsẹ̀ a tò pẹ̀lú ẹsẹ̀, èjìká a kan èjìká, lèmọ́mù a tẹ̀, gbogbo ìjọ a tẹ̀. Ẹni tí ó gbà pé ráká méjì ni kò lè dúró lẹ́yìn ẹni tí ń kí mẹ́rin, àfi kí ọ̀kan jókòó nígbà tí èkejì bá dìde. Ohun tí Ìwé náà sì là sílẹ̀ kedere, wọn kò jà lé e lórí: Súrà 5, áyà 6, to àlùwàlá lẹ́sẹẹsẹ, ojú, ọwọ́ dé ìgúnpá, orí àti ẹsẹ̀, èmi kò sì gbọ́ pé wọ́n yapa nítorí omi. Níbi tí Ìwé náà ti dákẹ́ ni olúkúlùkù ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àṣà ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n bọ́ sọ nù ní ọjọ́ kan, wọn kò rí àkísà tí wọn yóò fi lẹ ojú ibi tí ó ya.

Ní Íjíbítì pàápàá, níbi tí kò sí ẹni tí ó mọ Chakralawi, ibẹ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ ti fi orí sọ. Muhammad Tawfiq Sidqi, dókítà oníṣègùn ni, ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn al-Manar ti Rashid Rida ní 1906, pé Àlùkùránì nìkan ni Ìsìláàmù. Òun pẹ̀lú kọjú sí iye ráká, ó sì mú Súrà 4 níbi tí a ti sọ bí àwọn jagunjagun yóò ti kírun lójú ìjà, ó fi ìyẹn ṣírò pé ráká méjì ni èyí tí ó kéré jù tí ó di dandan. Àwọn onímọ̀ dìde sí i, iyàn náà gba ojú ewé al-Manar, nígbẹ̀yìn Sidqi sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé. Ní Èkó, kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọn Mùsùlùmí kan ti wà tí wọ́n ní Àlùkùránì nìkan tó àwọn, aráàlú sì ń pè wọ́n ní Alálùkùránì. Wọn kò gbọ́ nípa Lahore, Lahore kò sì gbọ́ nípa wọn. Bí omi ti ń sun láti inú àpáta ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìdánìkanwà wọn pọ̀. Ní 1921 ni Abdul Rahim Nayyar, oníwàásù Ahmadiyya, gúnlẹ̀ sí Èkó láti ọ̀dọ̀ ìjọ tí ibùjókòó rẹ̀ wà nígbà náà ní Qadian ní Púnjáàbù, ìlú tí kò jìnnà sí Batala, ìlú Muhammad Husain tí ó ṣíwájú ogun ti Chakralawi, àwọn Alálùkùránì Èkó sì wà lára àwọn tí wọ́n tú yááyáá jáde láti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó wọ ìjọ náà pẹ̀lú lèmọ́mù wọn. Ẹ wò ó bí: ìjọ tí olùdásílẹ̀ rẹ̀ ti dá ẹjọ́ ní 1902 pé Àlùkùránì nìkan kò tó, òun ni àwọn tí wọ́n ní Àlùkùránì nìkan tó sáré bọ́ sí. Àwọn kan lè ní wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní tèmi, mo gbà pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ti dá dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ iye tí àgbájọ ọwọ́ tó, ẹni tí àwọn yòókù kò bá kírun yóò sì yọ̀ mọ́ àlejò tí ó bá na ọwọ́ sí i.

Lókè Ọya, orúkọ mìíràn ni àwọn Haúsá fi ń pe irú wọn. Wọ́n ní Kala Allah ni ohun tí Ọlọ́run sọ, ohun gbogbo tí ó bá sì yàtọ̀ sí i, kala kato ni, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn lásán. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Kala Kato. Nítorí rògbòdìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bauchi ní oṣù kejìlá ọdún 2009, orúkọ náà ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jẹ́ ẹ kò gbé igi sókè sí ẹnikẹ́ni rí, wọ́n ń ka Ìwé wọn, wọ́n ń ṣe òwò wọn. Kò tọ́ kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan jẹ ará ilé rẹ̀ gbogbo níyà.

Ti Amẹ́ríkà ni ó korò jù. Rashad Khalifa, ọmọ Íjíbítì tí ó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì, fìdí kalẹ̀ sí ìlú Tucson ní Arizona, ó fi kọ̀ǹpútà ka lẹ́tà inú Àlùkùránì, ó sì ní 19 ni nọ́ńbà tí a fi hun gbogbo rẹ̀. Ìrun márùn-ún ni òun ń kí, ó ní láti ọ̀dọ̀ Ànábì Ìbúráhímà ni a ti jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí áyà méjì tí ó parí Súrà 9 kò bá ìṣirò rẹ̀ mu, ó yọ wọ́n kúrò, ó sì tún pe ara rẹ̀ ní òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tẹ̀ lé Àlùkùránì nìkan ni ó yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ nítorí èyí, nítorí pé bí Ìwé bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn ní, ta ni yóò jẹ́ kí a já ewé kan nínú rẹ̀? Wọ́n pa á ní Tucson ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1990.

Níbo wá ni ìṣọ̀kan wà nínú ìtàn yìí? Ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí Abdullah ti wá a. Ní ìlú Amritsar, Khwaja Ahmad Din, olùkọ́ kan tí a bí ní 1861, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1926, ó sì pè é ní Ummat-i Muslima, ìjọ Mùsùlùmí, kí orúkọ rẹ̀ má baà dún bí orúkọ ìyapa. Òun kò fi gbogbo agbára rẹ̀ ka ráká. Ọ̀ràn ogún ni ó kọ̀wé lé lórí, pàápàá ti ọmọ òrukàn tí bàbá rẹ̀ kú ṣáájú bàbá àgbà. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí àwọn onímọ̀ là sílẹ̀ láti ayébáyé, bí ọkùnrin kan bá bí ọmọkùnrin méjì, tí ọ̀kan kú tí ó fi ọmọ sílẹ̀, tí bàbá àgbà wá kú lẹ́yìn náà, ọmọ tí ó wà láàyè ni yóò kó ogún, àwọn ọmọ òkú kì yóò rí nǹkan kan, nítorí pé ẹni tí ó sún mọ́ òkú jù ni ó ń dí ẹni tí ó jìnnà. Yorùbá tí ó bá ń gbọ́ èyí yóò yanu, nítorí pé ní ilẹ̀ wa, bí a bá ń pín ogún ní ìdí-igi, ọmọ a máa dúró ní ipò bàbá rẹ̀ tí ó ti lọ. Àwọn Alálùkùránì wá inú Ìwé, wọn kò rí ibi tí Ọlọ́run ti ní kí a ti ọmọ òrukàn síta. Ohun tí wọ́n rí ni ìkìlọ̀ lórí ìkìlọ̀ pé kí a má jẹ ohun ìní rẹ̀.

Lórí èyí, wọn kò yapa. Aslam Jairajpuri, olùkọ́ ní Jamia Millia ní Delhi, ọmọ àgbà Ahl-i Hadith ni, ọ̀ràn ogún sì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ mú un bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ Hádíìsì wò; òun náà kọ̀wé fún ọmọ òrukàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ghulam Ahmad Parwez, ẹni tí a bí ní Batala ní 1903, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé ìròyìn Tulu-e-Islam bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò rẹ̀ jáde láti 1938. Parwez ti wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Lahore àti Gujranwala, ó sì kọ́gbọ́n: ó ní òun kò dá ìjọ kankan sílẹ̀, òun kò sì ní ìrun tuntun láti fi kọ́ ẹnikẹ́ni, kí olúkúlùkù máa kírun bí ó ti bá a lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan láti yí i padà. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọgbọ́n tí ó ga jù nínú gbogbo ìtàn wọn. Kò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gàn, nítorí pé nǹkan bí 1,000 onímọ̀ ni ó fọwọ́ sí fátíwà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pé kèfèrí ni, ṣùgbọ́n ó gba àwọn tí ń kà á lọ́wọ́ ìjà tí ó fọ́ àwọn tí ó ṣáájú wọn.

Ní 1961, lábẹ́ ìjọba Ayub Khan, Pakistan ṣe òfin ẹbí tuntun fún àwọn Mùsùlùmí, abala kẹrin rẹ̀ sì sọ pé ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti kú ṣáájú yóò gba ìpín tí òbí rẹ̀ ì bá gbà ká ní ó wà láàyè. Ilé-ẹjọ́ Ṣàríà Àpapọ̀ dá a lẹ́jọ́ ní ọdún 2000 pé abala náà lòdì sí Ìsìláàmù, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ. Nígbà tí ẹjọ́ náà wà níbẹ̀, ọmọ òrukàn ń gba ìpín rẹ̀.